Fóònù kékeré, fóònù ńlá: níbo gan-an ni ìyàtọ̀ wọn wà?

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín fóònù kékeré, ìyẹn palasa, àti smartphone, ìyẹn fóònù ńlá, ò tíì yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìgbà tí mo ṣì ń ta fóònù n'Íbàdàn ni. Màmá wọlé, wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n yọ fóònù méjì jáde, wọ́n tò wọ́n sórí káńtà. Àkọ́kọ́ jẹ́ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, tí ojú bọ́tìnì rẹ̀ ti pá débi pé àfi kéèyàn fọwọ́ wá ibi tí 5 wà. Èkejì ni ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún wọn. Gíláàsì ló bo ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ń dán yinrinyinrin. Síìmù méjì ló ń gbà, ó ní kámẹ́rà, kódà ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí èèyàn lè fà yọ lórí rẹ̀ láti fi wo tẹlifíṣọ̀n.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi WhatsApp sínú eléyìí. Ọmọ mi tó wà ní London fẹ́ máa fi fọ́tò ọmọ tuntun ránṣẹ́ sí mi. Ẹni mẹ́ta ni mo ti gbé e fún, gbogbo wọn ló ní kò gbà á."

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo wọ inú mẹ́nù rẹ̀, mo wò ó síwá wò ó sẹ́yìn, mo wá gbé e lé káńtà padà. "Ẹ má bínú o, màmá. Fóònù yìí kì í ṣe smartphone."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ. "Èyí tí mò ń fọwọ́ kàn tó ń ṣí yìí? Àní ẹni tó tà á fún ọmọ mi ní Android ni!"

Kò sírọ́ níbẹ̀, ó ń ṣí bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ó jọ Android, àwọn àwòrán kéékèèké tó wà lójú rẹ̀ pàápàá jọ ti Android. Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú fóònù onítọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àfi pé wọ́n ti fi gíláàsì àti kámẹ́rà ṣe é lóge.

Títí dòní, mo ṣì ń gbọ́ àṣìṣe yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé fóònù tó bá ti ń gba ìfọwọ́kàn ti di smartphone nìyẹn, èyí tó bá sì ní bọ́tìnì ti di fóònù palasa. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà ní yunifásítì ní nǹkan bí ọdún 2010 sí 2013 á rántí BlackBerry. Bọ́tìnì wẹ́wẹ́ ló kún abẹ́ ojú rẹ̀, àtàǹpàkò méjèèjì la sì fi ń tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ojúlówó smartphone ni. Kódà, fóònù Android tó kọ́kọ́ jáde lágbàáyé, HTC Dream ti ọdún 2008, ní bọ́tìnì. Èèyàn á ti ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bọ́tìnì á sì yọ lábẹ́. Ìfọwọ́kàn kọ́ ni àmì.

Íńtánẹ́ẹ̀tì náà kọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù kékeré ló ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó fi Nokia kékeré wọ 2go, tí a fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa nígbà yẹn, tó ń gbé fóònù sókè láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó lè fèsì fún olólùfẹ́. Kámẹ́rà kọ́, rédíò kọ́, owó gọbọi tí wọ́n fi rà á náà kọ́.

Orúkọ náà gan-an wà lára ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú. Wọ́n pè é ní fóònù ọlọ́gbọ́n, kálukú wá ń wá ọgbọ́n náà kiri ojú rẹ̀. Ká ní èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ lórúkọ ni, kọ̀ǹpútà àpò ni mi ò bá pè é, nítorí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Smartphone jẹ́ kọ̀ǹpútà tó mọ fóònù pè. Fóònù kékeré jẹ́ fóònù tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ bíi mélòó kan mọ́ ìpè. Ohun tó sì ń sọ nǹkan di kọ̀ǹpútà ni pé ẹ lè gbé iṣẹ́ tuntun fún un lẹ́yìn tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, iṣẹ́ tí ẹni náà kò tilẹ̀ ronú kàn rí.

Ẹ wo ilé méjì. Nínú èyí àkọ́kọ́, bíríkìlà ti fi sìmẹ́ǹtì ṣe àga, tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì mọ́ ilẹ̀. Ẹ lè jókòó, ẹ lè jẹun, ẹ lè sùn. Ilé tó lágbára ni, kò sí ohun tó lè bà á jẹ́. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ yàrá yẹn di ṣọ́ọ̀bù lọ́la, kò ṣeé ṣe. Ilé kejì ṣófo. Ilẹ̀kùn wà, iná wà, omi wà, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ máa gbé wọ ibẹ̀. Fóònù kékeré ni ilé alága sìmẹ́ǹtì yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú Nokia 1100 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2003. Ó ti di ọdún méjì lẹ́yìn tí GSM dé sí wa lọ́dún 2001, nígbà tí ìpè ìṣẹ́jú kan jẹ́ ₦50, tí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yóò sì san owó odindi ìṣẹ́jú. Tọ́ọ̀ṣì wà lórí 1100, bọ́tìnì rẹ̀ jẹ́ rọ́bà odindi kan kí eruku má bàa wọlé. Àwọn tó ṣe é mọ irú ibi tí wọ́n ń tà á sí, wọ́n mọ̀ pé iná ò dúró lọ́dọ̀ wa. Ó lé ní mílíọ̀nù 250 tí wọ́n tà. Nígbà tí Nokia sì ta fóònù tó pé bílíọ̀nù kan lọ́dún 2005, 1100 ni, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni wọ́n sì ti rà á. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí fóònù yẹn lè ṣe láyé rẹ̀ ni wọ́n ti pinnu kó tó kúrò ní iléeṣẹ́: ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́, aago ìdájí, ẹ̀rọ ìṣirò, tọ́ọ̀ṣì, géèmù ejò. Ẹ lè lò ó fún ogún ọdún, ejò yẹn náà lẹ máa bá níbẹ̀.

Ọgbọ́n ilé kejì, ìyẹn ti smartphone, náà kì í ṣe ti àná. Lọ́dún 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ kan tí IBM ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Simon. Ó tóbi bíi bíríkì, ó wúwo tó ìdajì kílò, bátìrì rẹ̀ kì í sì í lò ju bíi wákàtí kan lọ bí èèyàn bá ń fi sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ó ń gba ìfọwọ́kàn, ó ń fi lẹ́tà íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ó ń fi fáàsì ránṣẹ́, èèyàn sì lè fi káàdì kan ki ètò tuntun sínú rẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí smartphone àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ yẹn pè é nígbà náà.

iPhone gan-an fi ẹ̀rí ohun tí mò ń sọ hàn. Oṣù kìíní ọdún 2007 ni Steve Jobs, ọ̀gá iléeṣẹ́ Apple nígbà náà, fi í han aráyé, oṣù kẹfà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ojú gíláàsì, ìka méjì téèyàn fi ń fẹ àwòrán lójú, gbogbo ayé ń pariwo. Àmọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, àwọn áàpù tí Apple fi sínú rẹ̀ nìkan lẹ lè lò. Kò sí ibi tẹ́ ẹ ti lè fi òmíràn kún un láìjẹ́ pé ẹ fi ọgbọ́n já ìdè tí Apple fi dè é. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nígbà yẹn tiẹ̀ ń jiyàn pé smartphone kọ́ nìyẹn, pé fóònù alága sìmẹ́ǹtì olówó ńlá ni. Oṣù keje ọdún 2008 ni wọ́n ṣí App Store, ibi téèyàn ti ń gba áàpù tuntun, áàpù 500 ló sì wà níbẹ̀ nígbà tó ṣí. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sí àríyànjiyàn mọ́.

Tẹ́ ẹ bá tú méjèèjì sílẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa bá nínú wọn jìnnà síra.

Nínú fóònù kékeré, ètò kan ṣoṣo ló wà tó ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tan tọ́ọ̀ṣì, ó mọ géèmù. Kò nílò àyè púpọ̀. Nokia 105 ti ọdún 2019, fún àpẹẹrẹ, 4MB péré ni mẹ́mọ̀rì tó fi ń ṣiṣẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo téèyàn bá fi smartphone òde òní yà lè tóbi tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó ń gba orúkọ 2,000 àti àtẹ̀jíṣẹ́ 500, nítorí pé lẹ́tà ò wúwo. Smartphone tó ní 4GB ti fi nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún jù ú lọ, ẹ sì tún máa gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sọ pé 4GB ti kéré.

Ibo ni gbogbo àyè yẹn ń lọ? Nínú smartphone, olórí ilé kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti pe fóònù. Android ni lórí èyí tó pọ̀ jù, iOS ni lórí iPhone. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa pín ilé fún àwọn ayálégbé. WhatsApp yá yàrá kan, áàpù báńkì yá òmíràn, Facebook yá èyí tó tóbi jù tí kì í sì í san owó. Olórí ilé ló ń sọ pé ìwọ lè lo kámẹ́rà, ìwọ lè mọ ibi tí onífóònù wà, ìwọ má dé ibẹ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí smartphone fi máa ń béèrè lọ́wọ́ yín pé, "Ṣé kí áàpù yìí máa gbọ́ ohùn yín?" Fóònù kékeré kì í béèrè bẹ́ẹ̀, kò sí àlejò nínú ilé rẹ̀.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nìyí: odindi fóònù wà nínú smartphone. Apá kan wà nínú rẹ̀ tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ àti ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí Android gan-an kì í dá sí iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń bá òpó sọ̀rọ̀, tó ń gbé ìpè, tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Bí ẹnì kan bá pè yín lórí smartphone, apá yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́, òun ló sì ń lọ kan ilẹ̀kùn olórí ilé pé àlejò dé o. Tẹ́ ẹ bá pa dátà, ìpè ṣì ń wọlé, nítorí pé fóònù inú yẹn ò nílò dátà yín láti ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Mi ò ní purọ́ pé ààlà àárín wọn ṣe tààrà. Nokia àti Samsung kéékèèké wà láyé ọjọ́un tó lè gba ètò Java, ìyẹn àwọn áàpù kéékèèké ayé ìgbà náà, ohun tó jẹ́ kí 2go àti Opera Mini tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì ṣeé ṣe nìyẹn. Èèyàn lè gba géèmù sí i, ó kàn jẹ́ pé àga kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ láìfi sìmẹ́ǹtì mọ́ ilẹ̀. Ètò Java wọ̀nyẹn kì í lè dé inú fóònù lọ títí, ìgbàkigbà tí wọ́n bá sì fẹ́ wọ íńtánẹ́ẹ̀tì ni fóònù ń bi yín léèrè ṣé kí ó gbà, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń lo KaiOS, olórí ilé tí wọ́n ṣe fún fóònù oníbọ́tìnì, dé, bíi JioPhone tó jáde ní Íńdíà lọ́dún 2017. Bọ́tìnì ló ní, ó rí bíi palasa, ṣùgbọ́n WhatsApp wà lórí rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní smartphone olówó pọ́ọ́kú. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé áàpù tó ṣeé fi sí i kò tó nǹkan. Nígbà tó sì di ọdún 2024, WhatsApp kò jẹ́ kí ẹni tuntun gbà á sórí KaiOS mọ́, ohun pàtàkì tí ọ̀pọ̀ èèyàn torí ẹ̀ rà á sì di àwátì.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti dun àwa tó ń kọ Yorùbá jù ni ọ̀rọ̀ kíkọ. Ẹ gbé fóònù kékeré, kẹ́ ẹ sì kọ "ọmọ". Orí bọ́tìnì 6 ni lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ẹ tẹ 6 lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó jáde, ẹ dúró díẹ̀ kó tó gbà pé ẹ ti parí, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún m, ẹ tún dúró, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà méje lẹ tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo, "omo" lẹ sì rí, kò sí àmì ìsàlẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ, ó lè jẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá. Ẹ ò lè bá fóònù náà jà. Ẹni tó ṣe é kò fi ọ, ẹ àti ṣ sí i, ibẹ̀ ló parí sí. Lórí smartphone, ẹ lè gba bọ́tìnì Yorùbá sí i. Gboard ti Google ní in. Àlejò wọlé, ó gbé àga tirẹ̀ wá.

Ìkọ̀kọ̀ kan tún wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀, ó sì kan fóònù méjèèjì. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160. Àwọn tó ṣètò GSM ní Yúróòpù ṣe àkójọ lẹ́tà kékeré kan fún un, wọ́n sì fi à, è, é, ì, ò àti ù sí i nítorí àwọn èdè tiwọn. Wọn ò fi á, í, ó àti ú sí i. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ọ̀kan péré nínú àwọn tí kò sí yìí bá wọnú àtẹ̀jíṣẹ́ yín, fóònù yín á pa àkójọ kékeré yẹn tì, á lo èyí tó fẹ̀, àyè ibẹ̀ á sì já láti 160 sí 70. Ẹ kọ ìkíni ọjọ́ ìbí tó jẹ́ lẹ́tà 150 láìlo àmì, owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan lẹ máa san. Ẹ fi àmì sí i bó ṣe yẹ, mẹ́ta ni wọ́n máa kà á sí. Lójú tèmi, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ìran kan gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. WhatsApp kì í ka lẹ́tà báyẹn, dátà ló ń lò, ó kù sọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ò pẹ́ rárá láti sọ. Nokia 105 tí mo dárúkọ yẹn, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 800mAh, àwọn tó ṣe é sì sọ pé ó lè wà láyè fún ọjọ́ 25 bí wọn ò bá fi ṣe nǹkan kan. Smartphone tó ní 5,000mAh, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́fà lọ, ẹ ṣáà ń wá ibi tẹ́ ẹ máa ti ṣáájì rẹ̀ kó tó di alẹ́. Ojú rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá fẹ̀ ju ti èkejì lọ, iná ló sì ń tàn án. Àwọn ayálégbé inú rẹ̀ kì í sùn. Ẹ ti fi í sápò, WhatsApp ń wò bóyá ìròyìn dé, áàpù ojú ọjọ́ ń wò bóyá òjò máa rọ̀. Ẹni tó ń gbé ibi tí iná kì í ti í wá tó ní kí ọmọ òun ra fóònù kékeré fún òun kì í ṣe ará oko. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ tún wo ti ọjọ́ orí. Bẹ́ ẹ bá rí Nokia 1100 kan tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára, ẹ fi síìmù sí i níbí lónìí, á pè. Smartphone ọdún 2012 náà lè tàn, gíláàsì rẹ̀ lè má fọ́, ṣùgbọ́n WhatsApp á ní Android orí rẹ̀ ti gbó ju ohun tí òun lè bá ṣiṣẹ́ lọ. Fóònù ò bàjẹ́ o. Àwọn ayálégbé ló ní àwọn ò gbé irú ilé yẹn mọ́.

Owó wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tí kò bá ní smartphone kò lè fi fóònù ṣe báńkì. Ìràwọ̀ (*) àti àmì # yẹn, tẹ́ ẹ fi ń tẹ *310# láti wo iye owó ìpè tó kù, wọ́n ń pè é ní USSD, kò sì nílò dátà rárá. Ọ̀nà tí òpó àti fóònù fi máa ń kí ara wọn ló ń gbà kọjá. Ọ̀nà yẹn kan náà ni àwọn báńkì ń lò, fóònù onítọ́ọ̀ṣì á sì fi owó ránṣẹ́ bí smartphone ṣe ń fi í ránṣẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni ewu tó rọ̀ mọ́ ọn. Lórí smartphone, ẹnì kan lè fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, kí áàpù burúkú wọlé. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì kò ní ilẹ̀kùn tí irú áàpù bẹ́ẹ̀ lè gbà wọlé. Àmọ́ ẹni tó bá pè yín tó ní kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sétí òun, kò bìkítà irú fóònù tẹ́ ẹ fi gbé ìpè rẹ̀.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í gbà gbọ́ bí mo bá sọ ọ́: bí olè bá jí palasa ẹgbẹ̀rún díẹ̀ náírà, ó lè máà fẹ́ palasa náà rárá. Síìmù inú rẹ̀ ló ń wá. Ó máa yọ ọ́ síbòmíràn, ó máa tẹ nọ́ńbà báńkì. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tẹ́ ẹ fi sójú smartphone kò lè dá a dúró, nítorí síìmù ti jáde kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó lè dá a dúró ni kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n ń pè ní PIN ti síìmù fúnra rẹ̀ pa. Fóònù méjèèjì ló ní in, inú sẹ́tíǹsì níbi tí wọ́n kọ SIM lock tàbí PIN sí. Bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà òdì lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á di, àfi tí wọ́n bá ní PUK, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí síìmù tó ti di. Ẹ béèrè PIN tó wà lórí síìmù yín lọ́wọ́ iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ méfò o, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ti ara yín mọ́ta.

Àwọn màmá tó ń lọ wẹ ọmọ fún ọmọ wọn lókè òkun ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù kékeré, 2G, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ayé àtijọ́, nìkan ni wọ́n mọ̀. Níbí, 2G wà káàkiri. AT&T, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà, ti pa 2G tirẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2017, ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Britain sì ti fẹnu kò pé kò ní kọjá ọdún 2033 kí tiwọn náà tó kúrò. Fóònù yín ò bàjẹ́ tó bá débẹ̀ tí kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òpó tó gbọ́ èdè rẹ̀ ni kò sí mọ́. Fóònù kékeré tó ní 4G wà lọ́jà báyìí, bíi Nokia 225 4G. 4G yẹn ò sọ ọ́ di smartphone. Ó kàn ń jẹ́ kó gbọ́ èdè àwọn òpó tuntun ni.

Ẹni tó bá wà níwájú àtẹ ní báyìí tó ń ṣiyèméjì, kí ó má wo páálí, kí ó má wo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù. Ohun tí mo ṣe sí fóònù màmá lọ́jọ́ yẹn ni kó ṣe. Mo wá Play Store, ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù sórí Android, kò sí. Àwòrán kan wà tó jọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, géèmù méjì ló ṣí sílẹ̀, ìkan nínú wọn ní ejò. Mo wọ sẹ́tíǹsì lọ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ irú Android tó jẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju orúkọ fóònù lọ. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kẹ́ ẹ dúró títí ẹ ó fi délé kẹ́ ẹ tó wò ó, ẹ gbé owó yín sápò.

Mo ṣàlàyé fún màmá bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí, mo lo àga sìmẹ́ǹtì, mo lo ayálégbé. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n ní, "Ó yé mi. Ó dà bí ẹni tó ra ẹ̀pà, tí wọ́n wá fi báàgì òyìnbó gbé e fún un." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó tà á fún ọmọ wọn ò gbà á padà, àwa náà ò retí pé ó máa gbà á. Wọ́n padà wá lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ra smartphone kékeré kan lọ́wọ́ mi, mo fi WhatsApp sí i, fọ́tò ọmọ tuntun náà wọlé kí wọ́n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mo gba Bódìjà kọjá lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo yà kí wọn. Palasa onítọ́ọ̀ṣì wà ní ìdí ìró, òun ni àwọn oníbàárà fi ń pè wọ́n. Smartphone wà nínú pọ́ọ̀sì, wọ́n ti pa dátà rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi rẹ́ ọmọ wọn jẹ dúró gbọnin lórí àpò èlùbọ́, wọ́n ti fa irin rẹ̀ yọ, BCOS, tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló wà lójú rẹ̀, àwọn mẹ́ta tó ń tajà nítòsí sì yí i ká, wọ́n ń wo ìròyìn.